ÌTÀN, ÌGBÉRAGA ÀTI ÒTÍTỌ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

  

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú, kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìtàn lọ. Òun ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé wa bá rò pé kò sí òṣèlú nínú ìtàn, ẹ bá mi sọ fún un pé ó ti mú ẹni tí kò yẹ kó mú!

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀ṣẹ̀ tara mi bẹ̀rẹ̀. Ní 1982, mo wà níwájú àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Tú. Mo ń sọ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wa fún wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà: pé Lámúrúdu jẹ́ ọba ní Mẹ́kà, pé Odùduwà ọmọ rẹ̀ padà sídìí òrìṣà, pé ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀, ni Odùduwà bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó rìn títí ó fi dé Ilé-Ifẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Odùduwà bá ní Ifẹ̀? Bí ó bá jẹ́ Mẹ́kà ló ti wá, èdè wo ló ń sọ nígbà tó dé? Èwo nínú rẹ̀ ni àwa wá ń sọ yìí?”

Ẹ̀rín sọ nínú kíláàsì. Mi ò ní ìdáhùn. Kàkà kí n sọ pé n kò mọ̀, mo ní ó ń fojú di àgbà. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, títí agogo fi lù. Ọmọ náà kò tún béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́ títí ó fi jáde. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo wá dáhùn lónìí. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ ÀTÚNKỌ ÌTÀN?

Kí ènìyàn tún ìtàn kọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ̀rí tuntun bá jáde, dandan ni kí òpìtàn padà sídìí ìwé rẹ̀, bí adájọ́ ṣe ń tún ẹjọ́ gbọ́ nígbà tí ẹlẹ́rìí tuntun bá yọjú. Èyí tó burú ni kí ènìyàn ti mọ ẹ̀bi tó fẹ́ dá kó tó pe ẹlẹ́rìí kankan. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìlú tirẹ̀ ju òtítọ́ lọ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rí lónìí nìyí: ọgbọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì ń dá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ìparí ọdún 1910, ọkùnrin ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé sí Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ó dé igbó Olókun, ó rí orí idẹ kan tó rẹwà gidigidi. Ẹnu yà á. Ojú rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ ọ̀gá oníṣẹ́-ọnà ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà pé baba àwọn ènìyàn tó wà níwájú rẹ̀ ló ṣe é. Kí ló wá ṣe? Ó wá baba mìíràn fún iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú tí àwọn Gíríìkì ń pìtàn rẹ̀ pé ó rì sínú òkun. Ó ní Olókun tiwa yìí, Poseidon òrìṣà òkun tiwọn ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1912, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1913. Ó fẹ́ gbé orí idẹ náà lọ, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn orí amọ̀ kan bá a dé Jámánì.

Ẹ kíyè sí i pé Frobenius kò kẹ́gàn iṣẹ́ náà. Ó yìn ín ju bí ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ṣe lè yìn ín lọ. Ìkòkò ló yìn o, kò yin amọ̀kòkò.

ÒKÚTA ZIMBABWE

Ohun tí Frobenius fi ẹnu lásán sọ ní Ifẹ̀, ìjọba kan fi agbára tì í lẹ́yìn ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ahoro ìlú ńlá kan wà tí wọ́n fi òkúta kọ́, láìfi ohunkóhun lẹ òkúta náà pọ̀. Odi tó tóbi jù níbẹ̀ yí ká tó nǹkan bíi mítà 250, ó sì ga tó mítà 11 níbi tó ga jù. Àwọn baba ńlá àwọn Shona ló kọ́ ọ, láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn.

Ní 1871, Karl Mauch, òun náà ọmọ Jámánì, dé ibẹ̀. Ó gé igi díẹ̀ lára ẹnu ọ̀nà, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó jọ igi ara pẹ́ńsùlù òun. Nítorí náà, kédárì ni. Bí ó bá jẹ́ kédárì, Lẹ́bánónì ló ti wá. Bí ó bá ti Lẹ́bánónì wá, a jẹ́ pé Ayaba Ṣébà ló kọ́ ilé náà! Ẹ wo ibi tí pẹ́ńsùlù kan gbé ènìyàn dé. Igi inú igbó ìhà ibẹ̀ ni igi ọ̀hún.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Cecil Rhodes gba ilẹ̀ náà ní 1890, ìtàn Ayaba Ṣébà wúlò fún wọn púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ àlejò láti òkèèrè ló kọ́ ìlú náà látijọ́, kò sí ohun tó burú bí àlejò láti òkèèrè bá tún padà wá gbà á. Wọ́n fi ọkùnrin kan, Richard Hall, ṣọ́ ibẹ̀ láti 1902. Ó kó erùpẹ̀ inú ahoro náà dànù, ó ní pàǹtí àwọn aláwọ̀ dúdú ló bo iṣẹ́ àwọn àgbà mọ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ o, pàǹtí yẹn gan-an ni ẹ̀rí! Ìkòkò, eérú, egungun màlúù, ohun tí àwọn onílé lò ni.

Ní 1905, awalẹ̀pìtàn kan, David Randall-MacIver, wa ìwọ̀nba tó kù, ó sì sọ láìfi bọpo bọyọ̀ pé àwọn ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ọ, pé kò sì pẹ́ tó ìgbà Sólómọ́nì rárá. Inú bí àwọn òyìnbó ibẹ̀. Ní 1929, wọ́n tún rán obìnrin kan, Gertrude Caton-Thompson. Òun náà walẹ̀, ó ní ohun kan náà lòun rí. Ó yẹ kí ẹjọ́ náà parí níbẹ̀, àbí?

Kò parí. Ní oṣù kọkànlá 1965, Ian Smith àti àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ gba òmìnira fúnra wọn, kí aláwọ̀ dúdú má baà jọba. Láti ìgbà náà, òtítọ́ nípa Zimbabwe di ọ̀rọ̀ tó ń ba ìjọba lẹ́rù. Ní 1969, aṣòfin kan ráhùn nílé ìgbìmọ̀ pé ìwé tí wọ́n ń fún àwọn tó wá wòran ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa sọ pé kò tíì dájú, pé ó lè jẹ́ àwọn àjèjì. Peter Garlake, ọmọ òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá olùbẹ̀wò ohun àtijọ́ nínú ìjọba náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀ ní 1970.

Ẹ mọ ibi tó gbà lọ? Ilé-Ifẹ̀ ni! Yunifásítì Ifẹ̀ ló gbà á láàárín 1971 sí 1973. Ó walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá àti ní Wọyè Asírí, ó rí àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ dáradára, ó sì rí àwọn orí amọ̀. Ẹni tí kò lè sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ Shona níbẹ̀ wá ń bá wa wá òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa. Ìwé rẹ̀ lórí Great Zimbabwe jáde ní 1973. Nígbà tí ìlú náà gba òmìnira tòótọ́ ní oṣù kẹrin 1980, orúkọ ahoro yẹn ni wọ́n fi sọ orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì gbé ère ẹyẹ tí wọ́n rí níbẹ̀ sórí àsíá.

ÌDÁHÙN LÁTI ÌBÀDÀN

Ní 1963, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn kan ní Oxford, Hugh Trevor-Roper, sọ pé bóyá lọ́jọ́ iwájú a ó rí ìtàn Áfíríkà tí a lè fi kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n pé nígbà tòun yìí, ìtàn àwọn òyìnbó ní Áfíríkà nìkan ló wà, òkùnkùn ni ìyókù. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé ilé ìtẹ̀wé yunifásítì tirẹ̀ yẹn ló tẹ ìwé Kenneth Dike lórí òwò àti ìṣèlú ìhà ẹnu odò Ọya jáde ní 1956, òun ló sì tẹ ìwé Sàbúrì Bíòbákú lórí àwọn Ẹ̀gbá jáde ní 1957. Ìwé náà wà lẹ́bàá ilé rẹ̀, kò kà á.

Dike àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kò fi ariwo dá irú wọn lóhùn. Wọ́n wá ìwé àtijọ́ jọ, Dike ló sì ṣe akitiyan kí a tó ní ilé àkójọ ìwé ìrántí orílẹ̀-èdè. Wọ́n lọ bá àwọn àgbà lábúlé, wọ́n gbọ́ ìtàn ẹnu, wọ́n fi wé ìwé. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ àwọn tó ti lọ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Nítorí pé a ń yára láti fi hàn pé àwa náà ní ọba, ní ìjọba, ní ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi ìwé wọn kọ́ni ló sáré kọjá níbi tó ń dùn wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Mélòó nínú wa ló sọ fún ọmọ pé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn tó kó o? Crowther fúnra rẹ̀ sọ ọ́, kò fi pamọ́. Àwa la dákẹ́. Ẹni tó bá yọ ojú ewé kan kúrò nínú ìwé, òun náà ti tún ìwé kọ.

LÁMÚRÚDU ŃKỌ́?

Mo padà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí mo ní kó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin Alhaji wa, ẹ má bínú, n kò bá ẹ̀sìn jà, ìwé ni mo ń bá wí.

Ibo ni ìtàn Mẹ́kà ti wọlé? Ní 1812, Muhammad Bello, tó di Sultan Sókótó lẹ́yìn náà, kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá. Ó sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ará Yorùbá jẹ́ ìyókù ọmọ Kénáánì, láti inú ẹ̀yà Námúrúdù, ìyẹn Nímírọ́dù inú Bíbélì. Ẹ pe Námúrúdù dáadáa, ẹ ó gbọ́ Lámúrúdu. Òyìnbó arìnrìn-àjò Clapperton gba apá kan ìwé yẹn, ó gbé e lọ sí ìlú ọba, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1826. Nígbà tó fi máa di ìgbà Àlùfáà Samuel Johnson, ìtàn náà ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n sọ ìwé náà nù sọ́wọ́ àwọn òyìnbó ní London, ó kú ní 1901 láì rí i, àbúrò rẹ̀ Dókítà Ọbadáyà Johnson ló tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní in nílé, ẹ ṣí i. Johnson sọ ìtàn Mẹ́kà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gbà á gbọ́! Lẹ́yìn náà ló wá sọ èrò tirẹ̀, pé ó lè jẹ́ ìhà òkè Íjíbítì ni a ti wá. Èyí náà kò ní ẹ̀rí. Àwa tí à ń kọ́ni wá gbé ìdajì àkọ́kọ́, a fi ìkìlọ̀ baba náà sílẹ̀.

Ní 1948, Àlùfáà Olúmìdé Lucas gbé ti Íjíbítì síwájú sí i. Ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó fi wé ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì lè jọra láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan. Ní èdè Páṣíà, bí nǹkan kò bá dára, “bad” ni wọ́n ń pè é, ó sì wá bá Gẹ̀ẹ́sì mu ní ohùn àti ní ìtumọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àkọsẹ̀bá lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún Lucas o. Ìgbà tí òyìnbó ń sọ pé a kò ní nǹkan kan ló ń kọ̀wé. Ó fẹ́ gbé wa ga. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti Frobenius. Frobenius ní iṣẹ́ Ifẹ̀ dára jù fún àwọn ará Ifẹ̀, nítorí náà Atlantis ló ṣe é. Àwa ní ọlá wa pọ̀ jù fún igbó ibí yìí, nítorí náà Íjíbítì la ti gbé e wá. Ṣé àwọn méjèèjì kò gbà pé ohun rere kò lè hù nínú ilẹ̀ yìí?

ÌTÀN TÓ Ń PANIYÀN

Ẹlòmíràn lè ní, “Tíṣà, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ìtàn tó dùn náà ni, ẹ jẹ́ kí a máa gbádùn rẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Rwanda.

Ní 1863, Speke, òyìnbó tó wá orísun odò Náìlì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn tó ń jọba ní ìhà àwọn adágún ńlá ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, pé láti Etiópíà ni wọ́n ti wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ní 1930, C. G. Seligman kọ ìwé kan lórí ẹ̀yà ènìyàn Áfíríkà, pé ohun tó bá ti jọ ọ̀làjú nílẹ̀ yìí, ọmọ Hámù tí àwọ̀ wọn mọ́ díẹ̀ ló gbé e wá. Àwọn ará Belgium tó ń jọba ní Rwanda sọ èyí di òfin. Wọ́n ní àwọn Tutsi ni ọmọ Hámù, àlejò ọlọ́lá, àwọn Hutu ni onílé tí kò mọ nǹkan kan. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, wọ́n kọ ẹ̀yà kálukú sínú ìwé ìdánimọ̀. Àwọn ìjòyè Tutsi kan fẹ́ràn ìtàn náà, nítorí ó gbé wọn ga.

Ìtàn tó gbé wọn ga náà ló yí padà sí wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1992, olóṣèlú kan, Léon Mugesera, sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Etiópíà ni ilé àwọn Tutsi, pé ojú odò Nyabarongo ni wọ́n máa gbà dá wọn padà síbẹ̀. Ní 1994, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n pa ènìyàn bí 800,000. Odò gbé òkú lọ títí dé adágún Victoria. Ní 2016, ilé ẹjọ́ ní Rwanda sọ Mugesera sẹ́wọ̀n gbére. Ṣé ìyẹn jí ẹnì kan?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó ń fi ìdùnnú pariwo pé àlejò láti òkèèrè lòun, kó rántí pé ẹlòmíràn ń gbọ́. Ọjọ́ ìjà, onítọ̀hún lè ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Àwa náà ti rí ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lórí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ “ta ló dé kẹ́yìn” da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tí kò mú ẹ̀jẹ̀ dání náà a máa ba ojú jẹ́. Ní 2004, ìwé ìtàn ìgbésí ayé Ọba Bìní ìgbà náà, Ọmọ N’Ọba Erediauwa, sọ pé ọmọ ọba Bìní tó sá kúrò nílé ni Odùduwà. Ifẹ̀ fèsì pé rárá o, Ọ̀rànmíyàn ọmọ Odùduwà ló lọ bí Ọba Ẹwẹ́ká àkọ́kọ́ sí Bìní. Àwọn oníwèé ìròyìn pa owó lórí ìjà ọ̀hún. Nínú gbogbo ariwo náà, ohun tí ìtàn méjèèjì jọ sọ kò hàn sí ẹnikẹ́ni: pé ẹbí ni wọ́n.

ÌDÁHÙN FÚN ỌMỌ NÁÀ

Ta ni Odùduwà bá ní Ifẹ̀? Ó bá ènìyàn. Àwọn àgbà Ifẹ̀ fúnra wọn kò sọ pé igbó ṣófo. Wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ti wà níbẹ̀, wọ́n ń dárúkọ Ọbàtálá àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilẹ̀ náà sì jẹ́rìí. Ní 1965, Thurstan Shaw wa egungun ènìyàn kan nínú ihò àpáta Ìwó Elérú, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Egungun náà ti lé ní 10,000 ọdún níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ Mẹ́kà, kí wọ́n tó mọ pírámíìdì kan ní Íjíbítì, ènìyàn ti ń yáná nínú igbó wa.

Èdè wo ni à ń sọ? Èdè ibí ni. Àwa ní ẹ̀ta, àwọn Ígálà ní ẹ̀ta, Bìní ní eha, Ìgbò ní atọ. Àwa ní etí, Ìgbò ní ntị. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì tó kàn jọra lásán bíi ti Páṣíà yẹn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ ni, wọ́n sì yí padà ní ọ̀nà tó létò. Àwọn aládùúgbò wa ni ìbátan wa. Bóyá ẹnì kan tàbí agbo ilé kan ti ìhà kan wá jọba ní Ifẹ̀, ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ìlú ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba tó dé kì í ṣe gbogbo ènìyàn.

Ta ló wá ṣe orí idẹ? Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ mìíràn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹyọ kan péré ló ṣìnà wá láti òkun mọ́. Láti 1957, Frank Willett walẹ̀ ní Ìta Yemòó. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi èédú mọ ọjọ́ orí ohun tó wà nílẹ̀ sọ pé láàárín bí ẹgbẹ̀rún ọdún sí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Atlantis ti wọlé lọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ rèé. Ní Igbó Olókun kan náà tí Frobenius ti ń wá àwọn Gíríìkì, ọmọ wa kan, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, lọ walẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n rí i pé kò bá ti Lárúbáwá mu, kò bá ti Yúróòpù mu. Àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n fi yanrìn àti òkúta àdúgbò wọn ṣe é, ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi tí à ń fi kọrin, ọgbọ́n orí wa ni. A kò nílò Atlantis, a kò nílò Íjíbítì. Òtítọ́ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ga ju irọ́ tí à ń gbé ga lọ.

Ẹ̀BẸ̀ MI

N kò ní pẹ́ mọ́, mo rí i pé oúnjẹ ti ń ta sánsán. Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn kan, ti òyìnbó ni o, ti tiwa ni o, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, nígbà wo? Kí ló máa rí gbà bí a bá gbà á gbọ́? Kí ni ilẹ̀, ìwé àti àwọn aládùúgbò sọ sí i? Èyí tó dùn mọ́ yín nínú ni kí ẹ bi léèrè jù, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ojú ríran.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọ́ Ìtàn nílé ìwé wọn. Fún ọdún díẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ kúrò bí iṣẹ́ tó dá dúró ní àwọn ilé ìwé kékeré, ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kó padà. Àṣẹ kò tó, olùkọ́ ló kù. Ẹgbẹ́ wa yìí lè ra ìwé ìtàn sí láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ wa, kí a sì gba ohùn àwọn olùkọ́ wa àgbà sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà sílẹ̀ lórí tábìlì akápò, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ẹnu lásán ni mo ní.

Ọmọ tí mo ní kó kúnlẹ̀ yẹn ti di àgbàlagbà báyìí. N kò mọ ibi tó wà. Bí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó mọ̀ pé tíṣà rẹ̀ ní kó dìde o, ìbéèrè rẹ̀ dára. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ àgbà lọ́jọ́ náà ni n kò gbọ́n.